Bí mo ṣe sá eré Transvulcania ní erékùṣù La Palma

Aago mẹ́fà ìdájí ni wọ́n ní ká máa lọ. Etí òkun la wà ní Fuencaliente, ní ìpẹ̀kun gúúsù La Palma, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Canary ti ilẹ̀ Sípéènì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, tọ́ọ̀ṣì orí wa tò gun òkè lọ. Kìlómítà 74 ló wà níwájú, òkè tí a ó sì gùn lápapọ̀ lé ní mítà 4,000.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti sá a rí ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù: "Àbúrò, má bá wọn du ọ̀nà nínú yanrìn yẹn o. Jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Yanrìn dúdú ni, ohun tí òkè ayọnáyèéfín tú síta. Teneguía tó bú ní 1971 wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́, á rì, á sì yọ̀ padà sísàlẹ̀. Kí n tó kúrò nílé, mo ti ní kí télọ̀ mi l'Ákùúrẹ́ fi aṣọ tó ń fà rán ìbòrí kékeré tó bo ẹnu bàtà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi. Òun ló gbà mí. Àwọn kan ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń gbọn bàtà, ká tó dé Los Canarios ní bíi kìlómítà 7. Ìlú yẹn ti jí pátá, tọmọdé tàgbà ń pariwo "Vamos!", ìyẹn "Ó yá, ká lọ!" Orí mi wú.

Lẹ́yìn ibẹ̀, góńgó òkè la ń tọ̀ láàárín igi páìnì. Lápá òsì wa ni òkè tuntun tó bú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, tó fi ọjọ́ 85 tu iná, tó sì ba ilé tó lé ní 1,000 jẹ́. Iná ti jó èèpo àwọn igi kan dúdú, síbẹ̀ ewé tútù ń rú lára wọn; irú páìnì Canary yìí máa ń sọjí lẹ́yìn iná. Dídúró ò sí nínú ètò mi, àmọ́ mo dúró wò ó.

Ní El Pilar mo jẹ ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo bu omi. Ní Cumbre Nueva, òkè gígùn tó tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ ti kó ìkùukù jọ sápá ìlà-oòrùn, ó sì ń dà kọjá góńgó sápá kejì bí omi tó kún àmù.

Roque de los Muchachos ni òkè tó ga jù, mítà 2,426, níbi tí àwọn ilé awò ìràwọ̀ olórí roboto wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé bó o bá ti débẹ̀, ó ti parí. Èmi ò gbà. Bíbọ̀ sísàlẹ̀ ló ń fọ́ni: láti ibi gíga yẹn dé etí òkun, láàárín bíi kìlómítà 18 péré.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ní Òkè Ìdànrè, Sátidé kan kò yẹ̀. Mo ń rọra gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn, mo wá ń sáré sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìgbà mẹ́fà lójúmọ́. Ìṣísẹ̀ kúkúrú, orúnkún títẹ̀ díẹ̀. Bí o bá ń fi gìgísẹ̀ dá ara rẹ dúró, itan ló máa san án. Síbẹ̀, nísàlẹ̀ El Time, orí àpáta gíga kan tó kọjú sí òkun, níbi tí ọ̀nà olókùúta ti ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára àpáta sísàlẹ̀ lọ sí èbúté Tazacorte, itan mi ń gbọ̀n. Mo ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn dúró, ó fi omi tirẹ̀ fọ̀ ọ́ fún mi. A ò gbọ́ èdè ara wa. Ó fọwọ́ bà mí léjìká, ó sì kọjá lọ.

Láti etí òkun, òkè ṣì kù láti gùn dé Los Llanos de Aridane. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 38 ni mo lò. Oòrùn ń wọ̀ lọ.

Télọ̀ ni mo kọ́kọ́ pè.

"Bọ̀dá, òwú yín ò tú o."

"A dúpẹ́. Ṣé o ti jẹun ṣá?"