Ẹ Ka Ọjọ́ Mẹ́jọ: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Èdè ní Japan

Lọ́dún 2018, yen 62 ni wọ́n ń ta káàdì ìfìwéránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì Japan. Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí, káàdì kan ṣoṣo ni ǹ bá rà, ǹ bá fi kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ èdè tí mo bá ṣe àdéhùn pé mo fagi lé e kí ọjọ́ mẹ́jọ tí òfin fúnni tó pé, ǹ bá má san gbèsè ọdún méjì lórí ẹ̀kọ́ tí mi ò kọ́. Gbèsè náà ti tán, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí, pàápàá tí mo bá rí ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń gba ọ̀nà kan náà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí tó rọrùn. Bẹ́ ẹ bá ti rílé, kí ọjọ́ 14 tó pé, ẹ mú káàdì ìgbélùú yín, zairyū kādo, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní shiyakusho tàbí kuyakusho, kí wọ́n kọ àdírẹ́sì yín sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó jáde níbẹ̀, ẹ béèrè ohun méjì: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àlejò lédè, nihongo kyōshitsu, àti ìwé ìròyìn ìlú, kōhō. Inú kōhō yẹn ni ohun gbogbo wà: ijó bon odori ìgbà ooru, kíláàsì tíì, kíláàsì oúnjẹ sísè, eré ìdárayá, àyẹ̀wò ara. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ní ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlejò, kokusai kōryū kyōkai, gbọ̀ngàn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní kōminkan sì wà káàkiri. Ẹni tó bá wà nítòsí Shinjuku ní Tokyo, Tabunka Kyōsei Plaza wà ní Kabukichō láti ọdún 2005. Wọ́n ń dáni lóhùn níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ni lédè.

Ní ìlú tí mò ń gbé ní Saitama, yen 100 là ń san lẹ́ẹ̀kan tá a bá wá sí kíláàsì, owó fótókópì lásán. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìwé ìkọ́ èdè kan, Irodori, tí Japan Foundation, àjọ tó ń tan èdè àti àṣà Japan kálẹ̀, ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀kọ́ èdè gba físà akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, torí kíláàsì àdúgbò kì í fúnni ní físà.

Èmi tí mò ń sọ èyí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ shiyakusho yẹn lọ́dún tí mo dé, mi ò béèrè nǹkan kan. Lọ́kàn mi, ohun tí wọ́n bá ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, kò lè dáa. Ẹ ò rí bí èrò yẹn ṣe ná mi lówó tó!

Ẹ ó rí wọn níwájú ibùdókọ̀ ojú irin, àwọn ọ̀dọ́ tó ń pín tíṣù fún ẹni tó ń kọjá. Mo gba tíṣù náà. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀: ẹ wá tọ́ ẹ̀kọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo lọ. Òkè keje ilé kan ni, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, obìnrin kan gbé tíì ọkà bálì tó tutù wá fún mi, ó ń fi “san”, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wọn, kún orúkọ mi. Ó yìn mí pé mo gbọ́ èdè wọn, èmi tí mi ò mọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Láàárín wákàtí méjì, ìwé àdéhùn ti wà níwájú mi: ẹ̀kọ́ 80, yen 320,000, kí n lò ó tán láàárín ọdún kan. Mo ní mi ò lówó tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí wàhálà, iléeṣẹ́ ayánilówó kan yóò san án, èmi á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 24. Mo yọ òǹtẹ̀ orúkọ mi, èyí tí wọ́n ń lò bí ìfọwọ́síwèé níbí, nínú báàgì, mo tẹ̀ ẹ́ síbi tó fìka hàn mí, lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nínú ìwé yẹn, àpótí kan wà tí wọ́n fi ìlà pupa yí ká, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ náà pupa. Mo rí i. Mo rò pé ìkìlọ̀ ni, pé ẹni tí kò bá san gbèsè rẹ̀ yóò rí pípọ́n ojú. Òfin Japan ló pàṣẹ kí wọ́n fi pupa tẹ̀ ẹ́, kó má bàa fo oníbàárà lójú. Àpótí yẹn ló sọ pé mo lè fagi lé àdéhùn náà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, láìsan kọ́bọ̀, láìsọ ìdí. Ẹ wo ojú àwọn lẹ́tà yìí dáadáa, kẹ́ ẹ lè dá wọn mọ̀ bẹ́ ò tilẹ̀ lè kà: クーリング・オフ. Kūringu ofu ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án péré ni mo lọ. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú páálí, ọjọ́ Sunday nìkan ló sì rọ̀ mí lọ́rùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, Sunday ti kún. Nígbà tó di oṣù kẹrin, mo lọ sọ fún wọn pé mo fẹ́ dúró. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì kò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi wọ́n ṣe àgbélébùú níwájú àyà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ pé kò ṣeé ṣe níbí. Mo tẹrí ba fún un, mo lọ sílé, mo sì ń san yen 14,000 àti díẹ̀ lóṣooṣù títí ó fi di oṣù 24.

Irọ́ ló pa fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ yékéyéké nìyẹn.

Lọ́dún 2021, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá bá mi nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti tẹ òǹtẹ̀ sí nǹkan kan o." Ara mi bù máṣọ kí n tó wo ìwé náà tán. Ọjọ́ márùn-ún ló ti fi ń gbé e mọ́ra láìsọ fẹ́nìkan. A pe 188, nọ́ńbà tí oníbàárà tí wọ́n rẹ́ jẹ fi ń wá ìrànlọ́wọ́ ní gbogbo Japan; ó máa ń so èèyàn mọ́ ọ́fíìsì tó bá sún mọ́ ọn, shōhi seikatsu sentā. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan láti kíláàsì yen 100 yẹn ló bá wa gbọ́ èdè. Lọ́jọ́ kejì a lọ síbẹ̀, ọjọ́ kẹfà nìyẹn, wọ́n sì kọ́ ọ bí yóò ṣe kọ káàdì. Ó bọ́. Kò san nǹkan kan.

Ìgbà tá a ń dìde ni mo sọ ọ̀rọ̀ tèmi fún obìnrin tó ń dá wa lóhùn. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ń ṣírò lórí ìwé pélébé. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án, yen 4,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, 36,000. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ 284,000. Bí ọjọ́ mẹ́jọ bá kọjá, tí èèyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, owó ìtanràn tí ilé-ẹ̀kọ́ èdè lè gbà kò gbọ́dọ̀ ju yen 50,000 tàbí ìdá 20 nínú 100 owó tó ṣẹ́kù lọ, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì. Tèmi, 50,000 ló kéré. Ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀: 86,000 ni gbogbo ohun tó yẹ kí n san. Yen 234,000 ló yẹ kó dúró sápò mi, a ò tíì ka èlé. Ó wò mí, ó ní ó dun òun, àdéhùn mi ti parí, kò sí nǹkan tó kù láti fagi lé.

Yen 234,000! Ìyá mi ń fi ọkọ̀ èrò lọ sí ọsibítù ní Ìbàdàn nígbà yẹn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Òfin yìí de ẹ̀kọ́ èdè tí àdéhùn rẹ̀ bá ju oṣù méjì lọ, tí owó rẹ̀ sì ju yen 50,000 lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìwé lé yín lọ́wọ́ ni ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ọ̀la rẹ̀. Bí ẹ ò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rárá tí ọjọ́ mẹ́jọ fi kọjá, ìtanràn ò gbọ́dọ̀ ju 15,000 lọ. Wọn ò sì lè sọ pé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ ti lò ti wọ́n ju iye tẹ́ ẹ rà á lọ. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Japan ti dájọ́ lórí ìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa sọ bẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró ni kaiyaku, 解約. Bí wọ́n bá fapá ṣe àgbélébùú fún yín, ẹ má tẹrí ba bíi tèmi. Ẹ pe 188.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ìtìjú wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìtìjú jẹ ọjọ́ mẹ́jọ ẹ̀ tán, torí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọ̀gbẹ̀rì ni òun. Èmi pẹ̀lú, ọdún méjì ni mo fi ń san owó láìjẹ́ kí ìyàwó mi mọ̀. Ta là ń tijú fún? Ẹ má mú òǹtẹ̀ dání lọ síbi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá tọ́ nǹkan wò. Ẹ fi í sílé! Ẹni tó bá ní òní nìkan ni ẹ̀dínwó wà, ẹ dìde ńlẹ̀ níwájú ẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ara lóge, tí wọ́n ti ń mú irun ara kúrò tàbí sọ pé àwọn á bá yín dín sísanra kù, esute, òfin kan náà ló de àwọn náà bó bá ju oṣù kan àti yen 50,000 lọ. Ṣùgbọ́n jíìmù kò sí nínú òfin yìí o, kò sí ọjọ́ mẹ́jọ kankan níbẹ̀. Wọ́n á ní oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, nínú ìwé wọ́n á kọ ọ́ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò fún oṣù bíi mélòó kan, bẹ́ ò bá sì kọ̀wé kúrò kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó kọjá, owó oṣù tó ń bọ̀ náà ti lọ nìyẹn. Pápá ìdárayá ìjọba wà níbi tó pọ̀. Ọ̀gọ́rùn-ún yen mélòó kan lẹ ó san lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò tẹ òǹtẹ̀ kankan.

Èyí tó mú mi lára dá jù, kò ná mi ní nǹkan kan. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, NHK, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogbo ará Japan, máa ń gbé orin eré ìdárayá sáfẹ́fẹ́, rajio taisō, ó ti wà láti ọdún 1928. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, àwọn àgbàlagbà ti tò sínú ọgbà àdúgbò pẹ̀lú rédíò kékeré. Lọ́jọ́ kan mo dúró lẹ́yìn wọn. Ohùn inú rédíò ní, "Ude o mae kara ue ni agete", ìyẹn ni pé ká gbé apá láti iwájú lọ sókè, bàbá kan yíjú pa dà, ó fọwọ́ kan apá mi, ó ní, "Ude." Ibẹ̀ ni mo ti mọ apá, ẹsẹ̀, àyà, kí n tó mọ̀ wọ́n nínú ìwé. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé kíláàsì yen 100 wà, tó jẹ́ pé mo ti jẹ gbèsè tán.

Bí òǹtẹ̀ bá ti wà lórí ìwé yín báyìí, tí ọjọ́ mẹ́jọ ò sì tíì kọjá, ẹ ra káàdì, yen 85 ló dé. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe àdéhùn, orúkọ ẹ̀kọ́ náà, iye owó, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ fagi lé àdéhùn yìí, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ, àdírẹ́sì àti ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí i. Ẹ ṣe fótókópì iwájú àti ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ gbèsè lẹ fi san, ẹ kọ òmíràn sí iléeṣẹ́ ayánilówó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2022, òfin ti gba kí èèyàn fi ímeèlì ṣe é, ṣùgbọ́n káàdì lèmi fọkàn tán. Ẹ má jù ú sínú àpótí ojú títì. Ẹ ní kí wọ́n fi tokutei kiroku tàbí kan'i kakitome ránṣẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Bó bá jẹ́ pé òní ló pé ọjọ́ kẹjọ, tí pósítọ́fíìsì àdúgbò sì ti tì, ẹ sáré lọ sí pósítọ́fíìsì ńlá. Ọ̀pọ̀ wọn ní ojú fèrèsé tó ń ṣí di alẹ́, yūyū madoguchi. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ni òfin ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.