Bí gèlè màmá mi ṣe dúró pé nínú fọ́tò 10 by 12

Fọ́tò màmá mi pé pérépéré lójú fóònù. Nígbà tí àwọn tó ń tẹ fọ́tò tẹ̀ ẹ́ jáde ní 10 by 12 (ínǹṣì ni) tí a fẹ́ gbé kọ́ ògiri, ṣóńṣó gèlè ti lọ, bàtà náà ti lọ.

Ìrísí àwòrán àti bébà ni kò bára mu. 3:4 (fífẹ̀ mẹ́ta sí gíga mẹ́rin) ni fóònù mi fi ń yàwòrán, 5:6 sì ni bébà 10 by 12. Kí àwòrán tó lè kún bébà, ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ, ẹ̀rọ wọn sì pín in gé lókè àti nísàlẹ̀.

Mo ṣí fọ́tò náà, mo wọ Crop, ibi tí a ti ń gé fọ́tò, mo yan 5:6 fúnra mi. Mo fa férémù sókè títí gbogbo gèlè fi wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àyè díẹ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ni ìsàlẹ̀ wá bọ́ sí, èyí kò sì dára rárá. Ẹ má ṣe gé ènìyàn níbi oríkèé! Mo gé e sókè dé àárín itan, mo dín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kù. Ojú màmá wá tóbi sí i, iyùn ọrùn wọn hàn kedere. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní báyìí, bí mo bá ń ya ẹni tó wé gèlè, mo máa ń fà sẹ́yìn kí àyè lè wà lókè. Fọ́tò ẹbí tí a fi fóònù yà ní ìbú, tí a fẹ́ tẹ̀ ní 4 by 6, máa ń pàdánù òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà. Ẹ béèrè ìwọ̀n bébà kí ẹ tó gé e.