Stent tí wọ́n gbàgbé sára: bí mo ṣe yọ ọ́

Stent yìí ni rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi sínú páìpù ìtọ̀, ìyẹn páìpù tó ń gbé ìtọ̀ láti kíndìnrín wá sí àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè máa ṣàn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò yẹ kó yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tí wọ́n bá yọ ọ́ lásìkò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni: kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ á gba ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde wọ àpò ìtọ̀, ẹ̀mú kékeré á gbá a mú, ó parí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò yẹ kó kọjá bí oṣù 3 lára. Ti aláboyún gan-an ò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí ó tètè ń di òkúta. Ti aláìsàn mi yìí ti lé lọ́dún. Wọ́n fi sí i, wọn ò kọ ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́ fún un. Ìrora ti lọ, ló bá rò pé ó ti bọ́ nìyẹn.

Iyọ̀ inú ìtọ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà náà, kòkòrò á tún bá a dá sí i. Orí rẹ̀ méjèèjì tó ká kọ́rọ́, ọ̀kan nínú kíndìnrín, èkejì nínú àpò ìtọ̀, á di òkúta. Rọ́bà á gbó, á máa kán.

CT, àwòrán tó ń fi inú ara hàn, ti fi gbogbo rẹ̀ hàn. Mo kọ́kọ́ fi oògùn pa kòkòrò inú ìtọ̀, kó má baà ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Mo fi lésà, ìmọ́lẹ̀ alágbára tó ń fọ́ òkúta, fọ́ òkúta ìsàlẹ̀ tó wà nínú àpò ìtọ̀, ìyẹn ò le.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú rèé. Mo rọra fa stent náà, kò mira. Lójú X-ray, orí òkè ò tú rárá. Páìpù ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ká jọ tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Tí èèyàn bá fagbára fà á níbẹ̀, páìpù yẹn á já láti òkè, bóyá ni kíndìnrín náà á sì fi yè. Mo dáwọ́ dúró. Mo ki kámẹ́rà gba ẹ̀gbẹ́ stent, mò ń fi lésà họ èèpá òkúta ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eruku òkúta ń bo ojú kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè tú omi púpọ̀ sí i, torí agbára omi á ti kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀. Orí òkè ò ṣeé gbà láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo gbà: mo lu ihò tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ wọ kíndìnrín, mo fọ́ òkúta náà, stent nà tọ́ọ́rọ́, ó sì gba ibẹ̀ jáde lódindi. Kíndìnrín náà ń ṣiṣẹ́. Inú mi dùn sí i gidigidi.

Ẹ̀yin tí irú stent inú páìpù ìtọ̀ yìí wà lára yín, ẹ gba ọjọ́ ìyọkúrò ní àkọsílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ fi sórí fóònù. Ẹ má fi àìsí ìrora dá ara yín lójú. Tí ibà àti òtútù bá dé, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá sì ti pẹ́ lára, ẹ béèrè fún X-ray kí ẹnikẹ́ni tó fà á.