Bí mo ṣe po omi ìfọ rọ́ọ̀gì nílé, tí mo sì fi yọ àbàwọ́n tíì àti òróró

Àbàwọ́n tíì kan wà lórí rọ́ọ̀gì pálọ̀ wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí mo máa ń jókòó sí. Tíì oní-mílíìkì ni. Ó ti gbẹ mọ́ ọn pátápátá, ó ti di pupa rúsúrúsú, ó sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Lábẹ́ tábìlì, ibì kan tún wà tí òróró ti kán sí, tí eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi dúdú. N kò gbé rọ́ọ̀gì náà lọ síbì kankan, n kò sì ra ọṣẹ àrà ọ̀tọ̀. Ohun tó wà nílé ni mo pò pọ̀, àwọn méjèèjì sì lọ.

Kí n tó sọ bí mo ṣe pò ó, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, torí òun gan-an ni mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Omi tí a pò kọ́ ló ń kó àbàwọ́n kúrò. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó tú ìdọ̀tí sílẹ̀ lára òwú. Aṣọ gbígbẹ tí a ń tẹ̀ mọ́ ọn, tó ń fa omi ìdọ̀tí náà mu, ló ń kó o kúrò. Bí a bá tú ìdọ̀tí tí a kò fà á jáde, ṣe la kàn fẹ̀ ẹ́ lójú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ pé fínígà, tó wà nínú omi tí mo pò, kò ṣiṣẹ́ fún àwọn. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ wọn kò kó ohun tó tú sílẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo wádìí irú òwú tí wọ́n fi hun rọ́ọ̀gì náà. Bébà tí wọ́n máa ń rán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó máa ń sọ irú òwú tó jẹ́, ti já. Mo fi àlùmọ́gàjí gé fọ́nrán bíńtín ní etí ibi tí ojú kò tó, mo fi ẹ̀mú mú un lókè àwo irin, mo ṣáná sí i. Irun àgùntàn máa ń jó díẹ̀díẹ̀, á máa rùn bí irun orí tó ń jóná, eérú rẹ̀ á sì rún mọ́ni lọ́wọ́. Òwú tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, bíi náílọ́ọ̀nù, polyester tàbí polypropylene, yíyọ́ ló máa ń yọ́, tí yóò sì dì ní kókó kékeré líle. Tèmi yọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an. Irun àgùntàn kò fẹ́ bákìn sódà. Ó lè bà á jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n. Hydrogen peroxide, kẹ́míkà olómi tó ń bó àwọ̀, náà kò yẹ ẹ́. Fínígà tí a fi omi là kì í ṣe é ní nǹkan. Náílọ́ọ̀nù máa ń tètè mu àwọ̀ tíì àti kọfí, nítorí náà kò yẹ kí a fi falẹ̀. Polypropylene ní tirẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, àmọ́ bí òróró bá kàn án, ó máa ń dì í mú ṣinṣin.

Omi ìfọ náà kò le pò. Ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ méjì, ife fínígà funfun kan, àti ìlàjì ṣíbí tíì ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́. Mo da omi sínú ike tó ní ẹnu ìfọ́n, mo da fínígà lé e, mo fi ọṣẹ kẹ́yìn kí ó má baà hó kún inú ike, mo wá yí i po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kí fínígà náà jẹ́ funfun o, torí èyí tó pọ́n ní àwọ̀ tirẹ̀ tó lè fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ, tí ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 5 nínú 100, ti tó. Ọṣẹ náà kò gbọ́dọ̀ ní bílíìṣì nínú, kò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bí mo ṣe wí. Fínígà ló ń bá àwọ̀ tíì jà, ọṣẹ ló ń bá ọ̀rá inú mílíìkì jà.

Àwọn kan á ní kí a da bákìn sódà mọ́ fínígà nínú ike kan náà. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Híhó tó ń hó yẹn dùn ún wò, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ásíìdì inú fínígà àti sódà ń pa agbára ara wọn. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ń jáde lọ. Omi àti iyọ̀ kan tí kò lè fọ nǹkan kan ló kù nílẹ̀. Bí a bá sì dé ike náà pa, afẹ́fẹ́ yẹn lè fọ́ ọ. Gbígbẹ ni mo ń lo sódà, lọ́tọ̀. N ó dé ibẹ̀.

Mo sì bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ po nǹkan yìí: ẹ má ṣe da bílíìṣì mọ́ fínígà láé. Afẹ́fẹ́ chlorine ló ń jáde nínú wọn, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bílíìṣì àti amóníà, kẹ́míkà olóòórùn líle tó wà nínú àwọn ohun ìfọ kan, náà kò gbọ́dọ̀ pàdé. Hydrogen peroxide àti fínígà kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ike kan náà, torí ásíìdì mìíràn tó ń ta ojú àti ọ̀fun ni wọ́n máa ń dà. Bí ike yín bá ti gba ohun mìíràn rí, ẹ ṣàn án dáadáa kí ẹ tó lò ó, tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Mo dán omi náà wò ní kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fọ́n ọn sí i, mo fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, mo wo aṣọ náà: kò sí àwọ̀ rọ́ọ̀gì kankan lára rẹ̀. Mo jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ kí n tó gbà pé kò séwu, nítorí àwọ̀ tó bá fẹ́ yí padà kì í sábà hàn nígbà tí omi bá ṣì wà lára òwú.

Ìgbà yẹn ni mo wá kúnlẹ̀ ti àbàwọ́n tíì. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò lójú rẹ̀, nítorí eruku tí omi bá kàn, ẹrẹ̀ ló ń dà. Mo fọ́n omi ìfọ náà láti etí wá sí àárín, kí àbàwọ́n má baà gbilẹ̀ síta. Mo fọ́n ọn títí òwú fi rin, àmọ́ n kò jẹ́ kó rin gbingbin dé ìdí. Omi tó bá dé abẹ́ kì í tètè gbẹ, pàápàá bí ẹ̀yìn rọ́ọ̀gì bá jẹ́ júùtù, òwú tí wọ́n fi ń hun àpò kòkó, torí júùtù tó bá mu omi yó máa ń tu àwọ̀ rúsúrúsú tirẹ̀ sókè. Mo fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ́ aṣọ ìnura funfun kan po, mo fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi, mo dúró díẹ̀, mo gbé e sókè. Àmì tíì ti wà lára aṣọ náà róbótó, ó pọ́n láàárín, ó fẹ́lẹ́ létí, kódà a rí ilà ìhun rọ́ọ̀gì lára rẹ̀. Mo yí aṣọ sí ibi tó mọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aṣọ funfun ló dára jù fún èyí: kò ní àwọ̀ tí yóò fi ba rọ́ọ̀gì jẹ́, ó sì ń fi hàn wá bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jókòó lórí àga, rí i pé ó ń wù mí kí n máa gbo ó. "Má gbo ó o," ló wí. "Tẹ̀ ẹ́ ni, kí o gbé aṣọ sókè."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án díẹ̀."

Ó ní kí n wo etí rọ́ọ̀gì lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti gbo ẹrẹ̀ rí. Òótọ́ ló sọ. Òwú rọ́ọ̀gì, lílọ́ ni wọ́n lọ́ ọ. Bí a bá gbo ó, ìlọ́ rẹ̀ á tú, orí rẹ̀ á fọ́n ká, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ojú á máa rí ibẹ̀ bí ẹni pé àbàwọ́n ṣì wà, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Fọ́n, dúró, tẹ̀, yí aṣọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí aṣọ fi ń gòkè láìní àmì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá iṣẹ́ dúró sí, kò sì yẹ, torí ọṣẹ ṣì wà nínú òwú. Bí ó bá gbẹ síbẹ̀, á máa lẹ̀, gbogbo eruku ẹsẹ̀ ni yóò máa gbà, láìpẹ́ ibẹ̀ á dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fọ́n omi lásán sí i, mo tẹ̀ ẹ́, mo tún un ṣe títí n kò fi rí ìfófòó kankan mọ́, tí òwú kò sì yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ ti rí àbàwọ́n tó lọ tán lójú, tó tún padà lọ́jọ́ kejì? Kò sí ìyanu níbẹ̀. Orí òwú ni omi ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ bó ṣe ń gbẹ. Omi tó wà nísàlẹ̀ á máa gòkè wá rọ́pò rẹ̀, á sì máa kó ìdọ̀tí tó ti wọ ìdí bọ̀ lókè, gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Nítorí náà mo ká aṣọ ìnura gbígbẹ kan nípọn, mo gbé e lé ibẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó, mo to ìwé ńláńlá lé e lórí, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Nígbà tí mo gbé e kúrò, abẹ́ aṣọ náà ti ní àmì rúsúrúsú fífẹ́lẹ́. Ìyẹn gan-an ni ì bá jókòó sórí rọ́ọ̀gì. Inú mi dùn sí àmì yẹn ju gbogbo èyí tí mo ti tẹ̀ jáde lọ́jọ́ tó ṣáájú lọ.

Mo ṣí fèrèsé, mo tan fáànù kọjú sí ibẹ̀ títí ọwọ́ mi kò fi mọ ọ̀rinrin kankan mọ́ nídìí òwú. Rọ́ọ̀gì tí omi bá wà lára rẹ̀ ju ọjọ́ kan sí méjì lọ lè bu, òórùn rẹ̀ á sì ṣòroó lé.

Òróró abẹ́ tábìlì gba ọ̀nà mìíràn, torí fínígà kò lè ṣe òróró ní nǹkan kan. Bákìn sódà gbígbẹ ni mo dà lé e, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, mo fi í sílẹ̀ mọ́jú. Níbi tó ti fa òróró mu, ó ti dì ní kókókó. Mo fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì líle náà lè ṣe é fún ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ. Mo wá fi ọṣẹ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ibẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ bíi ti tíì. Fún èyí tó ti dúdú tó sì takú, mo fi sípíríìtì díẹ̀ sára aṣọ funfun, mo tẹ aṣọ náà mọ́ ọn. Sára aṣọ o, kì í ṣe sórí rọ́ọ̀gì, nítorí bí sípíríìtì bá dé ìdí, ó lè tú gọ́ọ̀mù tó so ojú rọ́ọ̀gì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí iná má sì sí nítòsí.

Yíńkì bírò náà, sípíríìtì ló ń gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ omi tútù nìkan. Omi gbígbóná á sè é mọ́ òwú. Ìtọ̀ ọmọdé tàbí ti ajá, bí kò bá tíì gbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ fà á mu kí ẹ tó fọ́n ohunkóhun sí i. Bí ó bá ti gbẹ tó ń rùn, omi fínígà á dín òórùn rẹ̀ kù. Àmọ́ bí ó bá ti wọ ìdí lọ, ohun ìfọ oní-ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń tà, èyí tó ní èròjà tó ń tú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́, ló dára jù, torí òun ló lè tú ásíìdì inú ìtọ̀ tó ti dì mọ́ òwú, èyí tí omi àti fínígà kò rí ṣe.

Ìyókù omi ìfọ tí mo pò ṣì wà nínú ike rẹ̀. Mo lẹ bébà mọ́ ọn, mo kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo pò ó sí i, mo gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ní báyìí, bí nǹkan bá ṣe ń dà sílẹ̀ ni mo ń fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kí n tó ronú kan ike náà rárá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé omi lásán ti tó.