Bí Mo Ṣe Wá Orírun Òróró Ólífì Mẹ́rin Tí Kò Lórúkọ

Ìgò kékeré mẹ́rin ni ọ̀gá mi kó síwájú mi ní láàbù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Spéènì. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára wọn. Ó ní kí n sọ irú igi ólífì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde, àti ilẹ̀ tí igi náà ti hù bí mo bá lè sọ ọ́. Òróró àdúrà ni mo mọ̀ ọ́n sí nílé, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Goya. Mi ò mọ̀ pé ólífì ní oríṣiríṣi bí iṣu.

Ojú ni mo kọ́kọ́ fi wò wọ́n. Ìgò kejì dúdú bí ewé ẹ̀fọ́, mo ní òun ló dára jù. Ọ̀gá mi mirí. Àwọ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́ òróró wò fi ń lo ife aláwọ̀ búlúù, kí wọ́n má baà rí i rárá.

Mo wọn òróró gíráàmù 0.1 sínú túùbù, mo da heptane, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ òróró, mílílítà 2 lé e, mo wá fi potassium hydroxide, kẹ́míkà kan tó mú bí omi eérú, tí wọ́n yọ́ sínú methanol kún un, mílílítà 0.2 péré. Mo dé e, mo mì ín kíkankíkan fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìyẹn ló ń tú àwọn ásíìdì ọ̀rá kúrò lára glycerol tó so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lè di gáàsì nínú ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi yẹ̀ wọ́n wò. Ó wá ku sùúrù. Ohun tó wà nínú túùbù á pín sí méjì. Ti òkè á kọ́kọ́ rú bí omi ògì, lẹ́yìn náà á tòrò. Ti òkè yẹn la ń fà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe lọ́jọ́ kìíní: mo fà á kó tó tòrò, àwòrán tí ẹ̀rọ yà sì rí wúruwùru. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe látòkèdélẹ̀.

Ẹ̀rọ náà, gas chromatograph, ní ọ̀pá tín-ín-rín kan nínú, mítà 60, tí wọ́n ká bí okùn. Ásíìdì kọ̀ọ̀kan ń gba inú rẹ̀ jáde lásìkò tirẹ̀: palmitic ṣáájú, oleic tẹ̀ lé e, linoleic wá lẹ́yìn. Iná kékeré kan ń jó wọn bí wọ́n ṣe ń yọ, ìlà sì ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí oleic yọ gàgàrà bí Olúmọ, mo dìde dúró.

Ìgò kejì: nínú gbogbo ásíìdì ọ̀rá rẹ̀, oleic 79%, linoleic 4%. Picual nìyẹn, irú igi tó gba gbogbo agbègbè Jaén ní Spéènì kan. Ìgò kẹta: oleic 68%, palmitic 15%, linoleic 11%. Arbequina, ọmọ Katalóníà ní Spéènì. Ti ìgò kìíní jọ Koroneiki ilẹ̀ Gíríìsì, àmọ́ mo kọ “bóyá” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí òróró mìíràn lè jọ ọ́.

Ìgò kẹrin ló dá mi dúró. Oleic rẹ̀ kò ju 53% lọ, linoleic sì tó 20%. Nínú ìwé ìlànà International Olive Council, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ólífì, tó wà lórí tábìlì wa, oleic kò gbọdọ̀ dín ní 55%. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÀBÙLÀ. Ọkàn mi ti sọ pé wọ́n ti da òróró sunflower mọ́ ọn, torí linoleic pọ̀ nínú ìyẹn.

Ọ̀gá mi ò bá mi jiyàn. Ó ní kí n lọ yẹ sterol rẹ̀ wò, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké mìíràn tó wà nínú òróró. Sunflower ní ọ̀kan nínú wọn, delta-7-stigmastenol, tó pọ̀, àmọ́ ti ólífì gidi kì í sábà kọjá 0.5% nínú gbogbo sterol rẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Ohun tí mo rí ni 0.3%. Kò sẹ́ni tó fi sunflower bù ú là.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé tí orúkọ wọn wà. Arbequina ni ìgò kẹrin náà, igi kan náà pẹ̀lú ìgò kẹta, àmọ́ Catamarca ní Ajẹntínà ni wọ́n ti gbìn ín. Bí ooru bá mú gan-an nígbà tí èso ń kó òróró jọ, oleic á wálẹ̀, linoleic á gòkè. Oòrùn ibẹ̀ ni mo rí tí mo pè ní olè. Àgbẹ̀ kan ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, díẹ̀ ló kù kí n bà á lórúkọ jẹ́. Ó dùn mí wọra.

Mo fi bírò fa ÀBÙLÀ yẹn rẹ́. Mo bu èyí tó ṣẹ́kù nínú ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú túùbù, mo dé wọn, mo kó wọn sínú fíríìjì, kí a lè fi wọ́n ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wọn isotope oxygen àti hydrogen, ìyẹn oríṣi wọn tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, torí omi tí igi mu ń fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ nínú òróró.