Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ ìwọ̀n ìtànṣán tí aláìsàn gbà nídìí X-ray, tẹ́rọ yín ò bá tiẹ̀ ní míìtà

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀rọ X-ray, kò sẹ́ni tí aláìsàn ò tíì bi rí nínú wa pé "ṣé iná yìí ò ní ṣe mí ní nǹkan báyìí?", àwa náà á sì ní rárá o mà, ó kéré gan-an. Ó kéré tó báwo? Ẹ jẹ́ ká lè sọ ọ́ ní nọ́mbà.

Tẹ́rọ yín bá ní míìtà DAP (èyí tó ń ka ìwọ̀n ìtànṣán lọ́nà fífẹ̀ ibi tó bọ́ sí) lẹ́nu tíúbù tí ìtànṣán ti ń jáde, nọ́mbà á jáde fúnra ẹ̀, ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àmọ́ ẹ wo yúníìtì ẹ̀ dáadáa torí ẹ̀rọ kan ń lo mGy.cm² (mGy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), òmíràn ń lo µGy.m², bẹ́ẹ̀ 1 µGy.m² jẹ́ 10 mGy.cm². Ẹni tí ò bá wò ó á ṣìṣe ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Tí kò bá ní míìtà ńkọ́? Ẹ ní kí medical physicist, ìyẹn onímọ̀ tó ń wọn ìtànṣán, bá yín wọn output tíúbù, ìyẹn iye ìtànṣán tó ń tú jáde. Á gbé míìtà ẹ̀ sí 100 cm síbi tíná ti ń jáde, á tẹ bọ́tìnnì ní 60, 70, 80, 90 àti 100 kVp (agbára iná tẹ́ ẹ yàn), á sì fi mAs (iye iná tó gba tíúbù kọjá) pín ohun tí míìtà bá kà. Ẹ lẹ èsì yẹn mọ́ ògiri. Tí wọ́n bá pààrọ̀ tíúbù, ẹ tún un wọ̀n.

Ó wá ku aláìsàn. Ẹ kọ kVp, mAs, kílò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú tépù, ibí gan-an la ti máa ń ṣìṣe jù. Àyè tá a fẹ́ ni láti ojú iná dé AWỌ ARA, kì í ṣe dé fíìmù! Ìtànṣán ò yàtọ̀ síná ààrò, bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn ló ń jó yín sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi àyà PA, ìyẹn èyí tí iná ń gba ẹ̀yìn wọlé, ṣe é. Ká ní output yín ní 80 kVp jẹ́ 0.05 mGy fún mAs kan, ẹ sì lo 5 mAs, ìyẹn 0.25. Fíìmù wà ní 180 cm, àyà bàbá náà nípọn 25 cm, àlàfo inú búkì (àpótí tí fíìmù wà) jẹ́ 5 cm, ó ku 150. Ẹ fi 150 pín 100 tí míìtà wà lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá fi èsì ẹ̀ lọ́nà ara ẹ̀, ẹ máa rí 0.44. 0.25 lọ́nà 0.44 jẹ́ 0.11. Ẹ tún fi 1.35 lọ́nà ẹ̀, torí ìtànṣán kan máa ń wọ ara tán táá tún ta padà sójú awọ. 0.15 mGy nìyẹn. Ká ní 180 lẹ fi ṣe é ni, 0.10 lẹ máa kọ, irọ́ sì ni.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ìdúró àyà há, la bá ń ya àyà ní 120 cm, kò sì sẹ́ni tó rántí dín mAs kù. Lọ́jọ́ tí mo fi tépù wọ̀n ọ́n, 90 cm péré ló wà láàárín iná àti ẹ̀yìn ìyá àgbà kan, mo ṣírò ẹ̀, 0.42 mGy, nígbà tó jẹ́ pé 0.4 ni IAEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì, fi ṣe òdiwọ̀n fún àyà PA ní 1996. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí fíìmù wọn dúdú lóòótọ́, a kàn rò pé omi fíìmù ló le ni.

Àwọn míì ń lo TLD, ègé kékeré tó ń gba ìtànṣán sára tẹ́ ẹ máa fi nylon wé, tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ awọ láàárín iná. Tẹ́ ẹ bá lo ìyẹn, ẹ má fi 1.35 lọ́nà nǹkan kan mọ́, ó ti ka èyí tó ta padà mọ́ ọn. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ tíná ò kàn, kẹ́ ẹ lè yọ ti àyíká kúrò.

Ẹ má fi ẹnì kan ṣèdájọ́ o. Ẹ kó ti àgbà bíi 20 jọ, àwọn tó wà láàárín 60 sí 80 kílò, ẹ tò ó láti kékeré dé ńlá, ẹ mú ti àárín. Tàwọn ọmọdé, ìwé tiwọn lọ́tọ̀, ẹ kọ kílò àti ọjọ́ orí wọn sí i.