Eré ìdárayá fún ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dí: ìrìn ni, àbí iṣẹ́ apá?

Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ bá ti ń dí, ẹni tó ni ín kì í rìn jìnnà kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, bí ó bá sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ìrora náà á lọ. Ọ̀pọ̀ àgbà ní Ẹ̀pẹ́ á ní làkúrègbé ni, wọn á sì jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ ìjókòó yẹn gan-an ló ń dá kún un. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀ àti ní apá, kí ó fi ti apá pín ti ẹsẹ̀. Bí èsì rẹ̀ kò bá tó 0.90, àrùn náà ló sábà máa ń jẹ́.

Ìrìn ni olórí ìtọ́jú. Ẹ rìn ní ojú ọ̀nà tó tẹ́jú títí ìrora yóò fi le díẹ̀, ẹ dúró títí yóò fi rọlẹ̀ pátápátá, kí ẹ tún gbéra, kí gbogbo rẹ̀ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán. Ìrora yìí kì í ba ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹni tó ń lọ sí ọjà ẹja Olúwo lè fi ọ̀nà náà ṣe é, bí ó bá ti mọ ẹni tí yóò fún un ní àga jókòó.

Ṣùgbọ́n ẹni tí egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, tàbí ẹni tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan? Apá ni kí ó lò. Àwọn olùwádìí ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Minnesota ní Amẹ́ríkà fún àwọn aláìsàn ní ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, wọ́n sì rí i pé àwọn aláìsàn náà rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá nìkan ni wọ́n lò. Ọkàn tó ti lágbára sí i, àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń là dáadáa jákèjádò ara, wà lára ohun tí wọ́n gbà pé ó fà á.

Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ, ẹ jókòó sórí àga tó le, ẹ di àjẹ̀ tàbí igi gbọọrọ mú, kí ẹ máa ṣe bí ẹni ń tukọ̀, lápá ọ̀tún, lápá òsì, fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 2, títí yóò fi tó ogójì ìṣẹ́jú bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ó yẹ kí ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin. Apẹja tó ṣì ń fi ọwọ́ tukọ̀ lórí ọ̀sà ti ń ṣe é láìmọ̀. Ẹni tó ti gbé ẹ́ńjìnnì sí ìdí ọkọ̀ kò sí nínú wọn. Iṣẹ́ apá máa ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè ju iṣẹ́ ẹsẹ̀ tó bá a dọ́gba lọ, nítorí náà kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn gba àṣẹ dókítà, kí ó sì dáwọ́ dúró bí àyà bá ń dùn ún.

Ní tèmi, ẹni tó bá lè rìn kò gbọdọ̀ fi apá rọ́pò ìrìn. Kí ó fi iṣẹ́ apá sí ọjọ́ tí kò rìn. Kí amusìgá sì jáwọ́ nínú sìgá. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé tutù tí ó sì funfun, tí ìka rẹ̀ ń dúdú, tàbí tí ó ń ro yín lórí ibùsùn lóru, ẹ pa eré ìdárayá tì, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.